Bí Iwájú Orí Mi Ṣe Padà Kan Ilẹ̀

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kírun lórí àga. Àga oníke funfun ni, irú èyí tí wọ́n máa ń yá wá fún ìsọmọlórúkọ. Ó ní àyè tirẹ̀ ní ìparí ìlà àwọn obìnrin ní mọ́sálásí wa ní Treichville, ní ìlú Abidjan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ fáànù kì í dé. Bí ìmáámù bá kábárà tí gbogbo ènìyàn sì forí kanlẹ̀, èmi á tẹ orí síwájú díẹ̀ lórí àga mi, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó já bọ́ sí itan rẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ni mò ń wò, gbogbo wọn wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mo ga.

Kì í ṣe pé ìrun orí àga kì í ṣe ìrun. Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá mi níbí ní Treichville, ti jẹ́ kó yé wa pé Ọlọ́run gba ìrun aláìsàn bí aláìsàn bá ṣe lè kí i. Ṣùgbọ́n àáfà yìí kan náà ló sọ fún wa pé kò sí ìgbà tí ẹrú súnmọ́ Olúwa rẹ̀ tó ìgbà tí iwájú orí rẹ̀ bá wà nílẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni mí tí mo gbọ́ ọ, n kò sì gbàgbé. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ń fà sí. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ ni kí n tún fi iwájú orí mi kan ilẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrun títí dé sàlámà, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fà mí dìde.

Mo sanra. N kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi kẹrin ni ara ti ń bá mi lọ sókè. Àwo, abọ́ oníke àti kúlà ni mò ń tà ní ọjà Treichville, iṣẹ́ ìjókòó ni láti òwúrọ̀ títí di àlàásárì. Orúnkún mi méjèèjì wú. Nígbà tó yá, bí mo bá forí kanlẹ̀, obìnrin méjì ní láti gbé mi dìde, wọn á sì ba ìrun tiwọn jẹ́ nítorí mi. Ọjọ́ tí mo rí i pé mò ń ba ìrun ọmọlọ́mọ jẹ́ ni mo béèrè àga.

Àbíkẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Obìnrin ni, ó wà ní yunifásítì, ó sì gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní àdúgbò Zone 4. Nọ́ọ̀sì gbé mi sórí òṣùwọ̀n, ó sì kà á sókè ní Faransé: cent trente-quatre, kílò mẹ́rìnlélàádóje. Ọmọ mi yíjú sí ògiri. Dókítà yà á sórí ìwé fún mi. Ó ní àwọn á dín àpò oúnjẹ inú ikùn mi kù títí yóò fi tó ẹyin adìẹ, àwọn á sì so ó mọ́ ìfun ní ibi tó jìnnà díẹ̀ sí ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó ní inú mi lè yọ mí lẹ́nu lẹ́yìn náà, pé kí n máa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ nípa oúnjẹ. Bàbá àwọn ọmọ mi jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì bi dókítà: ṣé ìyàwó òun á lè forí kanlẹ̀? Ìbéèrè náà kò yé dókítà. Ọkọ mi bá dìde lórí àga, ó forí kanlẹ̀ sórí táìsì ọ́fíìsì ọkùnrin náà kó lè yé e. Dókítà ní bí ara bá lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé.

Àwọn kan ní mọ́sálásí sọ pé ìyípadà ohun tí Ọlọ́run dá ni mo fẹ́ ṣe. Ìyá Sùná wa, àgbà tó ń darí àwọn obìnrin, tó sì máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, kò bá wọn dá sí i. Ó kàn ní bí wọ́n bá ti gé e tán kí n bá òun mú díẹ̀ bọ̀ nínú ọ̀rá náà, nítorí òun gbẹ jù.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láàrin oṣù díẹ̀, aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lára mi. Bàtà tí n kò lè dè rí, mo bẹ̀rẹ̀ mo dè é. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti ẹlòmíì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú yàrá mi, èmi nìkan, mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú, mo kúnlẹ̀, mo sì rọra sọ iwájú orí mi kalẹ̀ sórí ẹní ìrun. Mo sunkún. Mo fẹ́ sọ sùbùánà ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ jáde lára mi. Àluwàlá lọ.

Bí wàhálà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ara tó ti kọ̀ láti tẹ̀ ti gbà, ṣùgbọ́n inú kò gbà. Inú mi ń kùn, ó ń rún, ó ń fẹ́ bí bọ́ọ̀lù. Bí mo bá ṣe àluwàlá tán, kí n tó gbé satala, kẹ́tùrù oníke tí àwọn Júlà, Mùsùlùmí apá àríwá ilẹ̀ yìí, fi ń wẹ̀ fún ìrun, padà sí àyè rẹ̀, àluwàlá ti bàjẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni mo lè ṣe é nítorí àlàásárì kan. Ẹ̀ẹ̀kan, mo ti wà ní rakah kẹta nílé, mo rò pé mo ti borí, inú sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi okùn so. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan. Òógùn á bò mí, àyà mi á máa lù kìkì, ojú mi á ṣú, lẹ́yìn náà inú á ṣí. Bí ó bá ti tán, oorun á gbé mi.

Èmi ọmọ ilé kéwú, kí ni mo ṣe? Mo gbé oyin.

Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó lórí ẹní kéwú bíi tèmi mọ ohun tí wọ́n sọ fún wa nípa oyin àti inú rírun. Obìnrin Júlà kan wà ní ìsọ̀ kejì sí tèmi lọ́jà, oyin òkè apá àríwá ló ń tà nínú ìgò ọtí tí wọ́n ti fọ̀. Mo ra ìgò kan. Ṣíbí kan nígbà tí mo bá jí, ṣíbí kan kí n tó kí ìrun kọ̀ọ̀kan. Bísímílà ni mo fi ń mu ún, lórí ikùn òfìfo, bí a ṣe máa ń mu oògùn. Nígbà tí inú túbọ̀ ń ṣí, mo lọ sọ fún un. Ó ní oyin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ó ń gbá ìdọ̀tí jáde, pé kí n fi kún un. Mo fi kún un. Ọjọ́ tí mo bá mu ún jù ni ara mi máa ń burú jù, ọjọ́ tí ara mi bá burú jù ni mo sì máa ń mu ún jù. N kò rí i. Bí ẹnìkan bá ti sọ fún mi nígbà náà pé oyin ni, mo lè bá a jà.

Ohun tí mo ń rò lọ́kàn mi ni pé àwọn tó sọ̀rọ̀ ní mọ́sálásí ni wọ́n jàre. Mo ti lọ gé ohun tí Ọlọ́run dá, Ọlọ́run sì ti gba àluwàlá lọ́wọ́ mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù àwẹ̀ dé. Dókítà ti ní n kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ lọ́dún yẹn, mo sì ti ń bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Ní àṣálẹ́, mo máa ń lọ bá àwọn obìnrin jókòó ní àgbàlá mọ́sálásí bí ẹni pé mo gbààwẹ̀, bí wọ́n bá pe ìrun Mọ̀gàríbì, mo ń bá wọn ṣínu. Dàbínù mẹ́ta la máa fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ife ògì jéró gbígbóná, tó kún fún ṣúgà. A ó mu ún tán, a ó sì dìde tò sórí ìlà.

Lọ́jọ́ kẹrin oṣù náà, mo pinnu pé n kò ní jókòó sórí àga. Mo sọ fún Ìyá Sùná, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè ráyè. Mo ti mu oyin kí n tó kúrò nílé. Mo jẹ dàbínù mi, mo mu ògì mi tán, mo sì dúró. Rakah kìn-ín-ní, iwájú orí mi kan kápẹ́ẹ̀tì mọ́sálásí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́fà. Kápẹ́ẹ̀tì náà ń rùn bí òjò àná. Inú mi dùn. Ní rakah kejì, òógùn bò mí. Mo mọ ohun tó ń bọ̀, mo yà kúrò lórí ìlà, mo kọjá níwájú àwọn tó ń kírun, mo forí lé ibi omi.

N kò dé ibẹ̀.

Mo dúró sínú àgbàlá, ẹsẹ̀ mi tutù, n kò lè lọ síwájú, n kò lè padà. Mo gbọ́ tí ìmáámù sàlámà. Ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni Ìyá Sùná. Ó tú híjáàbù ńlá òde tó wà lára rẹ̀, ó fi yí ìdí mi ká bí ìró, ó sì mú mi gba ẹnu ọ̀nà kékeré jáde. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún ìkejì rẹ̀ pé àga ṣáà wà níbẹ̀, ta ló ní kí ó dìde.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí n kò jáde. Ìyá Sùná wá kí mi, ó gbé omi ọbẹ̀ ẹja wá. Ó ní kí n má pa ara mi lékún, òfin ti ro ti irú mi: ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò bá dáwọ́ dúró á ṣe àluwàlá kan fún ìrun kan, ohun tó bá jáde lẹ́yìn náà, kó máa bá ìrun rẹ̀ lọ.

"Ti afẹ́fẹ́ nìyẹn," ni mo sọ fún un. "Èyí tó lé mi jáde lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Ìyẹn ti ju ọwọ́ àáfà lọ," ó ní. "Padà lọ bá àwọn tó fọ́wọ́ kan ikùn náà."

Àbíkẹ́yìn mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo ohun tí mo bá fi sẹ́nu sínú kàyé kan, ìwé ìkọ̀wé iléèwé, àti wákàtí tí mo jẹ ẹ́, àti ohun tí inú ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó gbé mi sínú takisí, a padà sí Zone 4. Kì í ṣe dókítà ló gbà wá lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin tó ń rí sí oúnjẹ àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ni. Ọmọ ẹ̀yà Baoulé ni, Kìrìsìtẹ́nì, ó fi àgbélébùú kékeré kan sọ́rùn. Faransé la jọ ń sọ. Ó ka kàyé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Màmá, kí ni eléyìí tó ṣáájú gbogbo rẹ̀ lójoojúmọ́?"

Mo wò ó. Oyin ni. Mo ní oògùn ni ìyẹn, ọmọ mi ni kò mọ̀ tó fi kọ ọ́ mọ́ oúnjẹ.

"Oògùn kí ni?"

"Inú tó ń yọ mí lẹ́nu yìí náà ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ife kan, ó fi hàn mí. Ó ní tẹ́lẹ̀, àpò oúnjẹ mi máa ń gba ohun dídùn dúró, ó ń rọra tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí kò sí ẹni tó ń dá a dúró mọ́. Ṣúgà ń dà wọ inú ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, omi ara sì ń sáré tẹ̀ lé e, ni àyà fi ń lù, ni òógùn fi ń bò mí, ni inú fi ń ṣí. Ó ní bí ó ṣe ń rí fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gé bíi tèmi nìyẹn. Ó ka ìyókù: dàbínù, ògì oníṣúgà, ohun mímu eléfòófó tí mò ń mu lọ́jà, omi tí mo ń fi ń sún oúnjẹ lọ́nà ọ̀fun, ìyára tí mo fi ń jẹun nítorí oníbàárà. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé.

Mo sọ fún un pé èmi kò lè gbà pé ohun tí Ọlọ́run fi ìwòsàn sí ló ń ṣe mí.

Ó gbé ife náà kalẹ̀. "Màmá, èmi kò bá Ìwé yín jà. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ibo ni wọ́n ti ní kí ẹ máa mu ṣíbí mẹ́fà lóòjọ́, lórí ikùn òfìfo, ẹ̀yin tí ikùn yín kò ju ẹyin lọ?"

Mo wá a. Mo wá gbogbo ohun tí mo kọ́ láti ọmọ ọdún márùn-ún. N kò rí iye ṣíbí kankan níbẹ̀. Èmi ni mo fi iye sí i, èmi àti obìnrin ìsọ̀ kejì.

Inú ń bí mi nígbà tí a ń padà bọ̀. Ọmọ mi ní, "Maman, y'a fohi," bí àwọn ọ̀dọ́ Abidjan ṣe ń sọ pé kò séwu. Lẹ́yìn náà ó tiraka sọ ọ́ ní Yorùbá: "Ọjọ́ mẹ́ta péré, Màmá. Tí kò bá yàtọ̀, èmi máa ra oyin garawa kan fún yín."

Mo gbé ìgò sókè àpótí. Ẹyin sísè ni mo ń jẹ láàárọ̀, tàbí ẹja, díẹ̀díẹ̀, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu títí á fi di omi. N kò mu omi mọ́ oúnjẹ, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Àtíékẹ́ tí wọ́n fi gbágùúdá ṣe, ìwọ̀n ìkúnwọ́ ọmọdé. Oníbàárà tó bá dé bá mi lẹ́nu oúnjẹ, mo ní kó dúró. Àwọn kan lọ, àwọn kan dúró.

Ọjọ́ kejì, òógùn kò bò mí. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣe àluwàlá fún ìrun ọ̀sán, mo kí i, mo jókòó sí ìsọ̀ mi, mo tà, mo dúnàádúrà, wọ́n sì pe àlàásárì, àluwàlá náà ṣì wà lára mi. Mo rò pé mo ti gbàgbé ni. Mo ronú padà títí. Kò sí ohun tó ti bà á jẹ́. Mo fi àluwàlá kan kí ìrun méjì, nínú ìsọ̀ mi, láàrin kúlà àti abọ́, iwájú orí mi sì kan ilẹ̀ ní rakah mẹ́jọ. Obìnrin olóyin ń wò mí láti ìsọ̀ tirẹ̀. Lẹ́yìn sàlámà, mo tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Olúwa mi. Mo ti ń rò pé Ó ń fi ìyà jẹ mí, Òun sì ti gbé ìdáhùn mi sí ẹnu obìnrin kan ní Zone 4, tí kì í tilẹ̀ kírun bíi tiwa. Oyin kò ṣẹ̀. Ìwọ̀n ni n kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n n kò tíì padà sí mọ́sálásí. Ojú àgbàlá yẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù. Mo ní kí ó di Yídì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìtùnu Àwẹ̀, mo jẹ ẹyin kan, mo sì jókòó jẹ́ẹ́ títí inú fi fara balẹ̀ kí n tó ṣe àluwàlá. Nígbà tí a dé pápá tí a ti máa ń kí ìrun ọdún, ọkọ mi ṣí ẹ̀yìn mọ́tò láti kó ẹní jáde, mo sì rí àga funfun náà níbẹ̀. Ó ti lọ gbé e ní mọ́sálásí láìsọ fún mi. Kò lè wò mí lójú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀gàn, ẹ̀rù ń bà á fún mi ni. Mo ní kó gbé e wá.

Àwọn obìnrin ti tò. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ àga lọ́jọ́sí wà níbẹ̀, ó sì sún fún mi láìgbójú sókè. Wọ́n ń pín dàbínù káàkiri, nítorí àṣà wa ni kí a jẹ ẹ́ kí a tó kí ìrun ọjọ́ náà. Abọ́ dàbínù dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo ojú wà lára mi, tàbí kó jẹ́ pé èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀. Mo mú ẹyọ kan. Mo gé e sí méjì, mo fi ìdajì fún Ìyá Sùná, mo sì fi eyín gé góńgó ìdajì tó kù, mo jẹ ẹ́ títí kò fi sí nǹkan kan lẹ́nu mi mọ́. Ìyókù, mo dì í sínú áńkáṣífù.

"Ìdajì dàbínù," ni Ìyá Sùná sọ. "Ọlọ́run á kọ ìdajì ẹ̀san."

Mo ní mo fara mọ́ ìdajì.

Ìmáámù kábárà. Ìrun ọdún ní kábárà púpọ̀, mo sì ń kà wọ́n bí ẹni tó ń ka àtẹ̀gùn. Mo tẹ̀, mo nà, mo lọ sílẹ̀. Ẹní tí a tẹ́ kúrú níwájú mi, iwájú orí mi kọjá rẹ̀, ó kan yanrìn gan-an, yanrìn tútù òwúrọ̀. Mo dìde fúnra mi. Kò sí ọwọ́ kankan lábẹ́ abíyá mi. Ní rakah kejì, nígbà tí gbogbo pápá dákẹ́, inú mi kùn. Ó kùn pẹ́, ó kùn kíkankíkan, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ó sì lọ parí sísàlẹ̀. Mo dúró de òógùn. Kò wá. Mo dúró de ohun tó ń fà mí. Kò fà mí. Ariwo lásán ni, ariwo kì í sì í ba àluwàlá jẹ́. Mo tún lọ sílẹ̀. Ní ìforíkanlẹ̀ tó kẹ́yìn, n kò tọrọ ohunkóhun. Ohun tí mo ti ń tọrọ ni mo wà nínú rẹ̀ yẹn.

A sàlámà. Ìyá Sùná yíjú sí mi. "Mo gbọ́ ikùn rẹ. Mo rò pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìmáámù ni." Obìnrin ọ̀rọ̀ àga bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí híjáàbù mi fi yẹ̀ lórí.

Wáàsí fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Sùná di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó rọra dìde, ó sì lọ jókòó sórí àga mi. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń jowú àga náà, pé ẹ̀yìn ń dun òun láti ọjọ́ yìí, òun kàn ń wo ẹni tó máa kọ́kọ́ dìde.

Nígbà tí a ń padà sídìí mọ́tò, àbíkẹ́yìn mi na ọwọ́ sí ojú mi. "Maman, yanrìn wà níwájú orí yín." Ó fẹ́ nù ún.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo gbé e dé ilé bẹ́ẹ̀, mo fi kí àlejò, mo fi pín ẹran, kò sì sí ẹni tí n kò jẹ́ kó rí i.